Ẹ̀wù Kékeré Tí Hánnà Ń Rán

Bíbélì kíkà: 1 Sámúẹ́lì 1:20–28, 2:11–21. Ẹsẹ tí a mú: 1 Sámúẹ́lì 2:19

 

Ní ìpàdé àdúrà wa, bí a bá ní kí olúkúlùkù sọ ohun tí ó fẹ́ kí a bá òun gbé lọ síwájú Ọlọ́run, ọ̀rọ̀ kan ni ó máa ń pọ̀ jù: JAMB. Bí JAMB bá kọjá, ó di admíṣọ̀n. Bí admíṣọ̀n bá dé, a ó jó, a ó dúpẹ́, a ó mú ọrẹ wá. Lẹ́yìn náà ni ìyá kan náà yóò fà wá sí ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn, yóò ní, “Màmá, ẹ ṣì máa bá mi gbàdúrà o. Ọmọ yẹn ti wọlé, ṣùgbọ́n n kò róorun sùn mọ́.” Ẹ̀rù tí ó wà lẹ́yìn ọpẹ́ yìí ni a fẹ́ bá ara wa sọ.

Ẹ rántí ìtàn náà. Hánnà sunkún kí ó tó rí ọmọ. Nígbà tí ó já ọmọ lẹ́nu ọmú, ó mú un lọ sí Ṣílò, ó fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ Élì àlùfáà, ó sì padà sí Rámà. Ọ̀pọ̀ ìwàásù tí a ti gbọ́ ni ó parí síbẹ̀, níbi tí ó ti fi ọmọ fún Olúwa. Ṣùgbọ́n ẹsẹ kọkàndínlógún orí kejì fi ohun kékeré kan kún un, ohun tí ó yé ìyá ju ẹnikẹ́ni lọ: lọ́dọọdún, bí òun àti ọkọ rẹ̀ bá ń lọ rúbọ, ẹ̀wù kékeré kan tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe a máa wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọmọ náà.

Ẹ̀yin aránṣọ tí ẹ wà láàárín wa, ẹ dákun, ẹ bá wa wò ó. Báwo ni a ṣe ń rán aṣọ fún ọmọ tí kò sí níwájú ẹni? Ọdún kan gbáko ni kò fi rí i. Kò sí ẹni tí ó máa fi téèpù wọ̀n ọ́n wá fún un. Bí ó bá lo ìwọ̀n èṣí, aṣọ náà yóò fún ọmọ lápá. Bí ó bá sì gé e bí ẹni pé ọmọ ti di géńdé, ọmọ yóò máa tẹ etí aṣọ mọ́lẹ̀, yóò máa ṣubú. Hánnà níláti jókòó sí Rámà kí ó máa rò ó pé, “Níbo ni ọmọ yìí yóò ti ga dé báyìí?” Bóyá ó tilẹ̀ ń wo ọmọ aládùúgbò tí òun àti Sámúẹ́lì jẹ́ ẹgbẹ́. Bíbélì kò sọ fún wa.

Ẹ má sì ṣe rò pé Ṣílò jẹ́ ibi àlàáfíà. Nínú orí kan náà ni a ti kà nípa Hófínì àti Fínéhásì, àwọn ọmọ Élì, tí wọ́n ń fi àmúga eléyín mẹ́ta fa ẹran àwọn olùjọ́sìn jáde nínú ìkòkò, tí wọ́n sì ń bá àwọn obìnrin tí ń sìn lẹ́nu ọ̀nà àgọ́ ṣe ìṣekúṣe. Bàbá wọn gbọ́, ó sọ̀rọ̀, wọn kò gbọ́ tirẹ̀. Inú ọgbà yìí ni Hánnà fi ọmọ rẹ̀ sí. Àwọn ẹgbẹ́ búburú kò dúró sí ìta, inú ilé Ọlọ́run ni wọ́n wà.

Nítorí náà, ìyá tí ọmọ rẹ̀ wọ Yunifásítì Èkó ní Akọka, tàbí Yabatech, tàbí LASU ní Ọ̀jọ́, tí àyà rẹ̀ ń já, kì í ṣe aláìgbàgbọ́. Àwa tí a ti dàgbà kò gbàgbé oṣù keje ọdún 1999, nígbà tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òkùnkùn wọ ibùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀ lóru, tí wọ́n pa ọmọ márùn-ún. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ àwọn olùkọ́ ńkọ́? Ní ọdún 2020, láti oṣù kẹta dé oṣù kejìlá. Ní ọdún 2022, oṣù mẹ́jọ gbáko, láti ọjọ́ 14 oṣù kejì dé ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá. Ọmọ tí ó wọlé fún ọdún mẹ́rin kò mọ̀ bóyá mẹ́fà ni yóò lò.

Ẹlòmíràn yóò ní, “Ọmọ tèmi kò lọ jìnnà, ilé ní Muṣin ni ó ti ń lọ.” Lóòótọ́, láti Ojúẹlẹ́gba sí Yábàá, kí a tó wọ mọ́tò Akọka, ọ̀nà náà kò gùn, bí gósíló kò bá sí. Ṣùgbọ́n ọmọ lè máa sùn nínú ilé wa kí ó sì ti wà ní Ṣílò. Ó ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́ kí ó lè rí àyè jókòó níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wọn. Ó dé lálẹ́, a ní, “Ṣé dáadáa ni?” Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà.” Ó wọ yàrá lọ. A kò mọ̀ pé ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ohun tí olùkọ́ ń sọ kò ti yé e. Láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ó ti ń gba ipò kìíní. Nísinsìnyí ó wà láàárín ọ̀pọ̀ ọmọ tí gbogbo wọn ti gba ipò kìíní rí. Ta ni yóò sọ fún? Ìyá tí ó ti jó ní ṣọ́ọ̀ṣì?

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, a rí nǹkan ní Èkó yìí. Èsì JAMB jáde, àwọn ọmọ tí a mọ̀ sí olóye mú máàkì tí ó yà wá lẹ́nu wálé. Ní ọ̀pọ̀ ilé, èébú ni. Fóònù ni wọ́n ń tẹ̀, wọn kò kàwé, bẹ́ẹ̀ ni a wí. Nígbà tí ó di ọjọ́ 14 oṣù náà, ọ̀gá àgbà JAMB, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Ọlóyèdé, jáde, ó jẹ́wọ́ pé ọ̀dọ̀ àwọn ni àṣìṣe ti wá, ó sì sunkún níwájú àwọn oníròyìn. Ọmọ 379,997 ni ọ̀rọ̀ náà kàn. 206,610 nínú wọn ṣe ìdánwò ní ibùdó 65 ní Èkó, àwọn yòókù wà ní ìpínlẹ̀ àwọn Íbò. Wọ́n tún ìdánwò ṣe fún wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a ti sọ sí ọmọ lára kò ṣeé tún ṣe bí ìdánwò. A gbọ́ pé ọmọ kan ti gba ẹ̀mí ara rẹ̀ kí àtúnṣe tó dé. A kò lè sáré kọjá lórí ìyẹn.

Àwa tí a ń kọ èyí kò ní ẹnu láti fi bá ẹnikẹ́ni wí. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni a fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní Muṣin àti ní Sùúrùlérè. Ìwé ẹ̀rí olùkọ́ ni a ní, a kò kàwé ní yunifásítì. Nígbà tí ọmọ wa kejì rí àyè láti kọ́ nípa iṣẹ́ ẹ̀rọ ní ilé-ìwé gíga kan, ọjọ́ náà gan-an ni a bẹ̀rẹ̀ sí pè é ní Ẹnjiníà. A pè é bẹ́ẹ̀ nílé, a pè é bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn akọrin náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún méjìdínlógún! Lẹ́yìn ìdánwò àkọ́kọ́, a béèrè èsì, ó ní wọn kò tíì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Oṣù kan, oṣù méjì, wọn kò tíì lẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kan tí a fẹ́ sá bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sóòrùn, a rí ìwé náà lábẹ́ rẹ̀, ó ti ká a wẹ́wẹ́. Ó fìdí rẹmi nínú ìṣirò àti físíìsì. Èyí ni àwọn ọmọ ń pè ní “carry over”, èyíinì ni pé yóò tún un ṣe ní ọdún tí ń bọ̀.

Kí ni a ṣe? A kígbe. A ní ó ti dójú tì wá láàárín ìjọ. Ọmọ náà kò fèsì títí ohùn wa fi rọlẹ̀, ó wá ní, “Ẹ má bínú, mà. Orúkọ yẹn ni kò jẹ́ kí n lè sọ fún yín. Nígbà tí ẹ ti ń pè mí ní Ẹnjiníà, báwo ni mo ṣe fẹ́ wá ní ìṣirò kò yé mi?”

Alẹ́ ọjọ́ náà ni a padà ka ìtàn Hánnà, ọ̀rọ̀ kan tí a ti kà kọjá láìmọye ìgbà sì dá wa dúró: kékeré. Ẹ̀wù kékeré ni. Ọmọ tí yóò di wòlíì fún gbogbo Ísírẹ́lì, tí yóò ta òróró sí Sọ́ọ̀lù àti Dáfídì lórí, ìyá rẹ̀ kò rán aṣọ wòlíì fún un. Aṣọ tí ó bá ọmọ ọdún yẹn mu ni ó rán. Àwa ti dá agbádá fún ọmọ tí ẹ̀wù kékeré tọ́ sí, a sì ń bínú pé ó ń kọsẹ̀.

Ọmọ náà tún iṣẹ́ méjèèjì ṣe. Ó yege nínú ọ̀kan, ó tún ṣe èkejì lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó lo ọdún kan lé iye tí ó yẹ kí ó lò. Ohun tí ó ràn án lọ́wọ́ kì í ṣe igbe wa. Ọmọkùnrin kan tí ó ti wà ní ọdún kẹta, tí wọ́n jọ ń lọ sí ìpàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ onígbàgbọ́, ni ó ń jókòó tì í ní ọ̀sán Sátidé. A kò mọ ọmọ náà títí ọjọ́ tí ó wá jẹun nílé wa, tí ó bu ẹ̀bà lẹ́ẹ̀mejì.

Èyí rán wa létí pé ní òru tí Olúwa pe Sámúẹ́lì, ní orí kẹta, Hánnà kò sí níbẹ̀. Ọmọ dìde lẹ́ẹ̀mẹta nínú òkùnkùn, ó ń sáré tọ ẹni tí kò pè é lọ, ìyá rẹ̀ ń sùn ní Rámà, kò mọ̀ rárá. Ọlọ́run kò ní kí Hánnà wá ṣọ́ ọmọ lóru. Ẹ̀wù ni ó bọ́ sí i lọ́wọ́. Òru kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwa Mẹ́tọ́díìsì ní ìyá kan tí ó mọ èyí. Susanna Wesley, ìyá John àti Charles, bí ọmọ mọ́kàndínlógún ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì sin ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní ọdún 1705 wọ́n ti ọkọ rẹ̀ mọ́lé nítorí gbèsè. Ní ọdún 1709 ilé wọn ní Epworth jóná, ojú fèrèsé ni wọ́n gbà yọ John, tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́fà. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ó ya alẹ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan láti bá a sọ̀rọ̀ ní òun nìkan. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni ti John. Ní ọdún 1720 ọmọ náà lọ sí Oxford, ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ìyá rẹ̀ kò lè bá a débẹ̀: wọn kì í gba obìnrin nígbà náà, ọdún 1920 ni Oxford tó bẹ̀rẹ̀ sí fún obìnrin ní oyè. Lẹ́tà ni ó ń kọ sí i. Ní ọdún 1732, tí John fúnra rẹ̀ ti di olùkọ́ ní Lincoln College, ó kọ̀wé bẹ ìyá rẹ̀ pé kí ó ṣì máa fún òun ní díẹ̀ nínú alẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn, nítorí yóò wúlò láti tún ọkàn òun ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ẹ kò kàwé tó láti bá ọmọ yunifásítì sọ̀rọ̀, ẹ gbọ́ o.

Ẹ jẹ́ kí a jáwọ́ nínú “ṣé dáadáa ni”. Ẹ bi í pé, “Iṣẹ́ wo ni ó le jù lọ́sẹ̀ yìí? Ta ni ẹ jọ ń kà á? Kí ni o jẹ lánàá?” Ẹ lọ wo ibi tí ó ń sùn. Ibùsùn kì í kárí, ọmọ tí ó ní òun wà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì lè jẹ́ pé àárín bẹ́ẹ̀dì ẹlòmíràn méjì ni ó ń tẹ́ ẹní sí. Ní ti owó, ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín láti béèrè nípa NELFUND, owó yíyá tí ìjọba fi òfin gbé kalẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2024 fún ọmọ ilé-ìwé gíga ìjọba: kò ní èlé, ilé-ìwé ni wọ́n sì ń san owó ẹ̀kọ́ náà fún. Bí ọmọ bá dákẹ́ jù, tí kò jẹun, tí kò sùn tàbí tí kò fẹ́ dìde, ẹ má sáré pè é ní ọ̀lẹ. Ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì mú un lọ rí dókítà. Ilé ìwòsàn ọpọlọ tí ó wà ní Yábàá, tí àwọn èèyàn ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ibi tí a ti ń wo aláìsàn sàn ni.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí a kò fẹ́ gbójú fò. Hánnà tún bí ọmọkùnrin mẹ́ta àti ọmọbìnrin méjì lẹ́yìn Sámúẹ́lì. A kò gbọ́ pé ìkankan nínú wọn lọ sí Ṣílò. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń kọ́ṣẹ́, ẹ má fi orí pamọ́ nígbà tí a bá ń ka orúkọ.

Nítorí pé a ó ka orúkọ. Ní ọjọ́ Àìkú tí ó kẹ́yìn oṣù yìí, lẹ́yìn ìsìn, ẹgbẹ́ wa yóò gbàdúrà fún gbogbo ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé tàbí lẹ́nu iṣẹ́ kíkọ́. Ẹ kọ orúkọ ọmọ yín wá, ohun tí ó ń kọ́, ibi tí ó ń sùn, orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, àti ohun tí ó ń bà á lẹ́rù jù. Bí ẹ kò bá mọ ọ̀kan nínú rẹ̀, ẹ pè é kí ẹ tó kọ ọ́.