Òkúta Orí Ibojì Nellie Bly

Ní Òjó, ní Ìbà àti ní Okokomaiko níhìn-ín, ọmọ òkú ni a ń retí pé kí ó fi símẹ́ńtì tẹ́ ibojì òbí rẹ̀, kí ó sì kọ orúkọ sí i. Obìnrin kan wà tí a sin sí ìtẹ́ òkú Woodlawn ní New York ní ọdún 1922, tí kò bí ọmọ. Ọdún 56 ni ó fi sùn níbẹ̀ láìsí àmì kankan, títí ẹgbẹ́ àwọn akọ̀ròhìn ìlú náà fi ṣe ọmọ fún un ní ọdún 1978, tí wọ́n gbé òkúta kalẹ̀ níbẹ̀. Nellie Bly ni orúkọ tí ó fi ń kọ̀wé. Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, irọ́ ni obìnrin yìí fi ṣe iṣẹ́ tí ó sọ ọ́ di olókìkí. Ó ha tọ́ kí a bọlá fún un bí?

Ní ọdún 1887, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 23, ó ṣe bí aṣiwèrè, ó sì pa orúkọ dà, kí a bàa lè mú un lọ sí ilé àwọn obìnrin aṣiwèrè ní erékùṣù Blackwell. Ọjọ́ 10 ni ó lò níbẹ̀ kí ìwé ìròhìn World tí ó rán an tó gbà á sílẹ̀. Ó rí oúnjẹ tí kò ṣeé jẹ, ó rí omi tútù kan náà tí a fi ń wẹ ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó sì rí obìnrin Jámánì kan tí a tì mọ́lé láìsí ògbufọ̀.

Èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù ni pé, bí ó ti wọ ibẹ̀ tán, ó bọ́ ẹ̀tàn náà sílẹ̀, ó ń hùwà bí ó ti ń hùwà nílé rẹ̀. Síbẹ̀ àwọn dókítà kò gbà pé orí rẹ̀ pé. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké.

Ẹlòmíràn yóò wí pé, èéṣe tí kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé kí ó sì béèrè? Nígbà tí ilé ẹjọ́ yan ìgbìmọ̀ láti lọ wò ó, àwọn aláṣẹ ti gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀. Wọ́n bá ilé tí a ti fọ̀ mọ́ àti oúnjẹ tí ó dára, a sì ti kó díẹ̀ lọ nínú àwọn obìnrin tí ó dárúkọ. Ohun tí olùbẹ̀wò máa ń rí nìyẹn. Síbẹ̀, ìgbìmọ̀ gba ẹ̀rí rẹ̀ gbọ́, a sì fi owó púpọ̀ kún owó ìtọ́jú wọn.

Èmi kò wí pé irọ́ di ohun rere. Àwọn tí ó tàn jẹ ní ẹjọ́ tiwọn láti rò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń purọ́ fún àǹfààní ara rẹ̀, ọmọnìkejì ni í máa jẹ ìyà rẹ̀. Ti obìnrin yìí, òun tìkára rẹ̀ ni a wọ́ sínú omi tútù náà.

Ó kọ ọ́ pé ìjádelọ òun dun òun, nítorí àwọn tí ó kù sẹ́yìn. Ní ọdún 2021, a gbé ère kalẹ̀ fún un ní erékùṣù náà, tí à ń pè ní Roosevelt nísinsìnyí, ojú obìnrin mẹ́rin mìíràn sì wà pẹ̀lú tirẹ̀. Ìyẹn tẹ́ mi lọ́rùn ju òkúta Woodlawn lọ.