Kí Ni Ènìyàn Ń Wá Nínú Igbó Láì Mú Àdá Dání?

Àwa tí a ń gbé ní Japara àti ní gbogbo Ìjẹ̀bú-Igbó, ní Àgọ́-Ìwòyè, àti ní ìhà etí omi lọ́hùn-ún títí dé Abigi àti Ìwòpin, a kì í ṣe àlejò nínú igbó. Ọ̀kan nínú àwọn ìlú wa ń jẹ́ Igbó, òmíràn ń jẹ́ Àgọ́. Abẹ́ igi ni àwọn baba wa ti pàgọ́ kí wọ́n tó mọ ilé alámọ̀, kí àwa ọmọ wọn tó wá fi páànù bo orí ilé. Síbẹ̀, bí ọ̀dọ́ kan bá wí fún ìyá rẹ̀ lónìí pé òun àti àwọn ẹgbẹ́ òun fẹ́ lọ sun oorun ọjọ́ méjì nínú igbó J4, pé àwọn kò lọ dọdẹ, àwọn kò lọ ṣẹ́gi, àwọn kò sì lọ sí oko kòkó, bí kò ṣe kí àwọn lè wo igi, kí àwọn sì gbọ́ ohùn ẹyẹ, ohun tí ìyá náà yóò bi í kò ju ọ̀kan lọ: “Kí ni ẹ gbàgbé síbẹ̀?”

Mo ka ìbéèrè náà sí ìbéèrè ọlọ́gbọ́n, mo sì fẹ́ kí á jọ wá ìdáhùn sí i. Lọ́dọ̀ tiwa, gbogbo ẹni tí ó wọ igbó ni iṣẹ́ ń gbé wọ̀ ọ́. Ọdẹ ń wá ẹran, oníṣègùn ń wá ewé àti egbò, agégẹdú ń wá gẹdú, àgbẹ̀ ń wá ilẹ̀ tuntun. Ẹni tí kò ní ọ̀kan nínú iṣẹ́ wọ̀nyí tí ó sì wọ igbó lọ, yálà orí rẹ̀ kò pé, tàbí ó ń sá fún ẹjọ́. Bí a bá ronú báyìí, iye tí igbó jẹ́ kò ju iye ohun tí a lè rù jáde nínú rẹ̀ lọ. Ǹjẹ́ òótọ́ ni?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ wa. Igbó ọba Omo, tí ó gba orúkọ rẹ̀ lára odò Omo, di igbó tí a fi òfin pààlà sí ní 1925. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 130,500 hẹ́kítà. Ní 1946, a ya 460 hẹ́kítà sọ́tọ̀ láàrín rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gégi níbẹ̀, kí ó má sì ṣe dáko níbẹ̀, kí ibẹ̀ lè wà bí ó ti wà fún ẹ̀kọ́ àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Ní 1977, UNESCO kọ igbó náà mọ́ àwọn ibi tí ó jẹ́ ìṣúra fún gbogbo ayé nítorí ohun ẹlẹ́mìí tí ó wà nínú wọn. Erin ṣì wà níbẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀. Oyún oṣù 22 ni erin ń gbé kí ó tó bí ọmọ kan ṣoṣo, nítorí náà ibi tí a bá ti ń pa á kì í pẹ́ tán; ní 2021 ni àwọn onímọ̀ kọ erin igbó ilẹ̀ Áfríkà mọ́ àwọn ẹranko tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n run. Àwọn àgbà tí ó kọ́kọ́ sọ pé àjànàkú kọjá “mo rí nǹkan fìrí” ti fi ojú ara wọn rí erin. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń pa òwe náà lónìí, inú ìwé ni a ti rí i.

Ìwọ tí o mọ ìṣirò, ṣe é wò. Bí a bá pín igbó Omo sí ọ̀nà 280, ibi tí a sọ ní 1946 pé kí a má fọwọ́ kàn rárá kò tó ẹyọ kan nínú wọn. Nínú èyí tí ó kù ni a ti ń gé gẹdú, nígbà mìíràn pẹ̀lú ìwé àṣẹ, nígbà mìíràn láìsí ìwé àṣẹ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń wí pé ìjọba fi ilẹ̀ ṣe ti ẹranko nígbà tí ebi ń pa ènìyàn, kí ó rántí bí ìpín àwọn ẹranko náà ti kéré tó.

Láti àwọn ọdún 1960 síwájú, a gé ọ̀pọ̀ nínú igbó àdáyébá yìí lulẹ̀, a sì gbin gmelina dípò rẹ̀, igi tí a mú wá láti ilẹ̀ Éṣíà, tí ó ń yára dàgbà. Ìdí rẹ̀ dára létí: a óò fi ṣe pépà, ìjọba yóò sì kọ́ ilé iṣẹ́ pépà sí Ìwòpin ní ẹ̀bá ọ̀sà. Ẹ̀yin ará Ìwòpin lè sọ ju mi lọ nípa bí ilé iṣẹ́ náà kò ṣe di ohun tí a retí. Ohun tí mo fẹ́ kí o kíyè sí ni pé igbó tí ó ní oríṣiríṣi igi, ìrókò, ọ̀ganwó, afàrà, ìdígbó àti ọ̀pọ̀ mìíràn tí èmi kò mọ orúkọ wọn, ni a fi ṣe pààrọ̀ igi kan ṣoṣo, nítorí pé a ti pinnu ohun kan ṣoṣo tí a fẹ́ kí igbó náà wúlò fún. Igi kan kì í dá igbó ṣe, àwa náà ni a ń pa á lówe! Lábẹ́ gmelina tutù lóòótọ́, àwọn igi náà sì tò bí ọmọ ilé ìwé lórí ìlà. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ dákẹ́ jù.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwa onígbàgbọ́ kì í fẹ́ sọ, inú ìwé ìjọ gan-an ni ó sì yẹ kí á ti sọ ọ́. Kí ìgbàgbọ́ tó dé, ìbẹ̀rù ni ó ń ṣọ́ igbó. Igbó àìwọ̀ wà, igbó orò wà. Wọ́n ní olúwéré ń gbé inú ìrókò, ẹni tí yóò bá sì gé e ní ètùtù láti ṣe. Ní Òṣogbo, igbó Ọ̀ṣun ṣì dúró di òní, UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní 2005. Ẹ̀rù àti ọ̀wọ̀ òrìṣà ni ó dá a sí, kì í ṣe àwa. Àwọn ajíyìnrere wí fún àwọn baba wa pé kò sí ẹ̀mí kankan nínú ìrókò tí ó yẹ kí ènìyàn wólẹ̀ fún. Òtítọ́ ni wọ́n sọ, èmi kò sì ní yẹ̀ ẹ́ láé. Ṣùgbọ́n wo ohun tí ó tẹ̀lé e. A gba ìrókò lọ́wọ́ àwọn tí ń bọ ọ́, a sì fà á lé ayùn lọ́wọ́. A lé ìbẹ̀rù jáde kúrò nínú igbó, a kò sì fi ohunkóhun sí àyè rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Olúwa wa ti kìlọ̀ fún wa nínú Ìhìn Rere nípa ohun tí ń bá ilé tí a gbá mọ́ tí a sì fi sílẹ̀ lófìfo.

Kí ni ó yẹ kí ó wà ní àyè ìbẹ̀rù náà? Thomas Aquinas Mímọ́ béèrè ìdí tí Ọlọ́run kò fi dá oríṣi ẹ̀dá kan tí ó dára, kí ó sì parí síbẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé oore Ọlọ́run pọ̀ ju ohun tí ẹ̀dá kan lè fi hàn lọ. Ibi tí ọ̀kan kù sí ni òmíràn ti ń bá a sọ ọ́. Bí èyí bá jẹ́ òtítọ́, nígbà tí oríṣi ẹ̀dá kan bá parẹ́ pátápátá, ohun kan nípa Ọlọ́run ni a ti pa rẹ́, kò sì sí ẹni tí ó lè tún un kọ. Òfin Mósè kò jẹ́ kí àwọn ọmọ ogun gé igi eléso ìlú tí wọ́n dó tì, àní nígbà ogun. Ó sì fún ilẹ̀ pàápàá ní ìsinmi ní ọdún keje. Ní 1979, Póòpù John Paul Kejì fi Francis Mímọ́ ti Assisi ṣe alábòójútó àwọn tí ń tọ́jú ẹ̀dá. Ní 2015, Póòpù Francis kọ́ wa nínú Laudato Si’ pé àwọn ẹ̀dá yòókù níye lórí lójú Ọlọ́run fúnra wọn, kì í ṣe nítorí ìlò wa nìkan. Nítorí náà a kò bọ ìrókò. Iṣẹ́ ọwọ́ Ẹni tí a ń bọ ni, ènìyàn kì í sì í ba iṣẹ́ ọwọ́ Baba rẹ̀ jẹ́ láìnídìí.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ tí ẹnìkan ń kùn ní ìjókòó ẹ̀yìn. Ó ní òótọ́ tirẹ̀. Àga tí o jókòó lé ní ìsinsìnyí, pákó ni. Òrùlé tí ó wà lókè orí rẹ, igi ni ó gbé e dúró. Owó gẹdú ti rán ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó lọ sí ilé ìwé, ó ti gbé ìyàwó, ó ti sin òkú, ó sì ti wọ inú àpótí ọrẹ pẹ̀lú. Èmi kò ní pe iṣẹ́ àwọn ará wa ní ẹ̀ṣẹ̀. Jósẹ́fù Mímọ́ pàápàá, oníṣẹ́ igi ni. Thomas Mímọ́ kan náà tún kọ́ wa pé ẹni tí ó wà nínú àìní tí ó lè pa á, bí ó bá mú nínú ohun ẹlòmíràn láti fi gba ẹ̀mí ara rẹ̀ là, kì í ṣe olè. Nítorí náà, àgbẹ̀ tí kò ní ilẹ̀ ní ìlú rẹ̀, tí ó rìn títí tí ó fi gbin kòkó díẹ̀ sínú igbó ọba kí àwọn ọmọ rẹ̀ lè jẹun, èmi kò lè bá a wí bí ẹni ń bá ọ̀daràn wí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń rán àwọn ọ̀dọ́ lọ lóru pẹ̀lú ẹ̀rọ ìgégi, nígbà tí òun tìkára rẹ̀ ń sùn ní ìlú ńlá, tí ó ti kọ́ ilé mẹ́ta tí ó sì ń wá owó ìkẹrin, ebi wo ni ó ń pa á? Ẹ̀kọ́ Thomas Mímọ́ kò bo irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ó sì ṣeni láàánú pé àgbẹ̀ nì ni ó rọrùn láti mú.

Ẹ jẹ́ kí á tún yẹra fún àṣìṣe ti òdì kejì. Ní Manitoba, ní ilẹ̀ Kánádà, òkè kan wà tí igbó bò, tí ó yọrí sókè láàrín pápá koríko tí ó tẹ́ lọ rẹrẹ. Riding Mountain ni orúkọ rẹ̀. Ó fẹ̀ ju ìlọ́po méjì igbó Omo lọ, ó sì wà nínú ìwé UNESCO bíi tiwa láti 1986. Ní 1933 ni a ṣí i fún gbogbo ènìyàn kí wọ́n máa wá pàgọ́ níbẹ̀, kí wọ́n máa wo ẹranko, kí wọ́n máa gba atẹ́gùn ní etí adágún. Ohun tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n ní 1936, a lé àwọn Ojibwe ti Keeseekoowenin kúrò ní ilẹ̀ wọn ní etí adágún kan náà, a sì dáná sun ilé wọn. Ó tó nǹkan bí ọgọ́ta ọdún kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí dá ilẹ̀ náà padà fún wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí á lé gbogbo aládùúgbò igbó Omo jáde ní ọjọ́ kan, láìbi wọ́n léèrè ibi tí wọn yóò sùn, kí ó rántí àwọn ará Keeseekoowenin.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ wa tí ó fẹ́ lọ sùn nínú igbó. Ẹ má ṣe rò pé àṣà òyìnbó lásán ni. Ọlọ́run pàṣẹ fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì pé kí wọ́n fi ilé wọn sílẹ̀ lọ́dọọdún, kí wọ́n gbé inú àgọ́ ẹ̀ka igi fún ọjọ́ méje, kí àwọn ọmọ wọn má bàa gbàgbé pé inú àgọ́ ni àwọn baba wọn gbé nígbà tí Ó mú wọn jáde kúrò ní Íjíbítì. Nígbà tí Jòhánù Mímọ́ fẹ́ sọ bí Ọ̀rọ̀ náà ti di ènìyàn tí ó sì ń bá wa gbé, ọ̀rọ̀ ẹni tí ó pàgọ́ ni ó lò ní èdè Gíríìkì. Olúwa wa fúnra rẹ̀ lo òru kan gbáko lórí òkè nínú àdúrà kí ó tó yan àwọn Àpọ́sítélì méjìlá. A kò gbọ́ pé ó mú àdá lọ.

Àǹfààní wo ni ó wà níbẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n fi ẹranko kékeré kan ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀fàfà ń gbé orí igi, ó sì máa ń ké lóru tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò fi rò pé iwin ni. Ní 2021, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kéde pé ọ̀fàfà tí ó wà láàrín odò Volta àti odò Ọya, èyí ni pé ní ìhà ọ̀dọ̀ tiwa níhìn-ín, jẹ́ oríṣi kan lọ́tọ̀ sí àwọn tí ó wà ní ìkọjá odò méjèèjì. Kí ni ó mú wọn fura? Igbe rẹ̀ ni. Tiwa ń gbó bí ajá, àwọn yòókù ń han. Mo dájú pé àwọn ọdẹ wa ti mọ igbe náà tipẹ́, ṣùgbọ́n ẹran ni wọ́n ń wá, kò sí ẹni tí ó bi wọ́n. Àwọn tí ó jókòó nínú òkùnkùn láìwá ẹran, tí wọ́n kàn fetí sílẹ̀, ni wọ́n mọ̀ pé Ọlọ́run ti dá ohun kan sí ẹ̀yìnkùlé wa tí ẹnikẹ́ni kò tíì fún ní orúkọ tirẹ̀ nínú ìwé.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá, ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n gbọ́ nígbà tí wọ́n bá dé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ lọ, nítorí ọ̀nà ibẹ̀ kò dára lójò. Ẹ gba ìyọ̀nda lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ igbó, ẹ mú àgbàlagbà kan tí ó mọ ọ̀nà dání, kí ẹ má sì ṣe sún mọ́ erin nítorí àti ya fọ́tò. Ẹ fi ẹ̀rọ orin sílẹ̀ sílé. Ohun tí ẹ bá rù lọ, àní ọ̀rá omi, ẹ rù ú padà. Kí ẹ sì rí i pé ẹ ti dé kí agogo Míísà Ọjọ́ Ìsinmi tó dún.