Ẹ̀tọ́ Ọmọ Nínú Àwo Baba Rẹ̀

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí ń pèsè fún gbogbo ẹ̀dá. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ìjọ Mùsùlùmí Àgọ́-Àmọ̀dù, bí oúnjẹ bá dé iwájú wa, ohun tí a sábà máa ń bèèrè ni pé ṣé halal ni. Ìbéèrè náà dára, ṣùgbọ́n kò tó. Nínú Súratul-Baqarah, ẹsẹ 168, ohun méjì ni Ọlọ́hun so pọ̀ fún ọmọ ènìyàn: kí oúnjẹ jẹ́ ẹ̀tọ́, kí ó sì dára. Oúnjẹ lè jẹ́ ẹ̀tọ́, kí bí a ṣe pín in má jẹ́ ẹ̀tọ́.

Ẹ jẹ́ kí á wo ilé wa. Baba a máa jẹ àmàlà láfún pẹ̀lú ẹ̀kìrí ẹran mẹ́ta. Ọmọ ọdún méjì a máa fi omi ọbẹ̀ lásán jẹ tirẹ̀. Bí a bá bèèrè ìdí, a ó ní ọmọdé tí ń jẹ ẹran àti ẹyin yóò di olè. Oko wa ni ẹ̀wà, ẹ̀pà àti sóyà ti ń jáde, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti kó wọn lọ sí Ìbàdàn àti Èkó kí ọmọ wa tó tọ́ ọ wò.

Òkèlè ń fún ara ní agbára. Ẹ̀wà, ẹyin, ẹja, wàrà àti sóyà ní í mú ara ọmọ dàgbà. Ẹ̀fọ́ àti èso ní í dáàbò bò ó lọ́wọ́ àìsàn. Ọmọ tí ń jẹ òkèlè nìkan lè yó, síbẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, kí irun rẹ̀ sì pọ́n. Ní 1935, Dókítà Cicely Williams, tí ó ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí, fi orúkọ tí àwọn ará Gáà ń pe àìsàn náà kọ̀wé nípa rẹ̀: kwashiorkor, àìsàn ọmọ tí àbúrò rẹ̀ gba ipò lẹ́nu ọmú. Bẹ́ẹ̀ ni nínú Súrà kan náà, ẹsẹ 233, Ọlọ́hun fi ọdún méjì gbáko lélẹ̀ fún ìfọ́mọlọ́mú pípé, Ó sì di oúnjẹ ìyá ru baba.

Umar ọmọ Abu Salamah, tí Ànábì tọ́ dàgbà, ròyìn pé nígbà tí òun wà lọ́mọdé, ọwọ́ òun a máa káàkiri inú àwo. Ànábì kò lé e kúrò nídìí oúnjẹ. Ó kọ́ ọ pé kí ó dárúkọ Ọlọ́hun, kí ó fi ọwọ́ ọ̀tún jẹ, kí ó sì mú ohun tí ó wà níwájú rẹ̀. Ìwà ni ó fi kọ́ ọmọ náà, kò fi ìyà oúnjẹ kọ́ ọ. Ẹ̀kọ́ ilé ni kì í jẹ́ kí ọmọ jalè.

A mọ̀ pé owó ilé-ìwé àti owó ajílẹ̀ ni a ń ta irè oko sí. Ṣùgbọ́n kí oníbàárà tó dé, ẹ jẹ́ kí á yọ àpò ẹ̀wà kan sílẹ̀ fún ilé. Kí á po sóyà mọ́ ògì ọmọ. Kí á bu ẹran tiwa fún un. Ọlọ́hun yóò bi wá léèrè nípa àwọn tí Ó fi sí ìkáwọ́ wa.

Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí oko wa, kí Ó sì jẹ́ kí àwọn ọmọ wa jẹ nínú rẹ̀. Àmín.