Arìnrìn-àjò Hájì àti Ọmọ-Ọ̀dọ̀

Nínú èrò Yorùbá, ọmọlúàbí ni ẹni tí a kọ́ tó sì gbẹ̀kọ́, tí ọwọ́ tó fi mú olówó kò yàtọ̀ sí èyí tó fi mú tálákà. Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn ìwà ìjọba sí àwọn tó ń ti Ìlọrin lọ sí ilẹ̀ Lárúbáwá, ọwọ́ méjì ni a ó bá níbẹ̀. Ẹni tó ń lọ sí Mẹ́kà ń gba ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tí ìpínlẹ̀ Kwara yàn fún ètò Hájì kọjá, wọ́n ń dá a lẹ́kọ̀ọ́ kó tó gbéra, wọ́n ń wá ilé dè é, àwọn dókítà àti òṣìṣẹ́ ìjọba sì ń bá a lọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré ni yóò lò. Obìnrin tó ń lọ ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀ fún ọdún méjì ní Lẹ́bánónì kò ní ju èjẹ́ǹtì lọ, ẹni tó sábà jẹ́ ojúlùmọ̀ ìdílé, tí a ní kó fẹ́ ni lójú, tó fi ata sẹ́nu.

Ètò kafálà ló ń dúró dè é lọ́hùn-ún, ìyẹn ètò tó so ìwé ìgbélùú òṣìṣẹ́ mọ́ ọ̀gá kan ṣoṣo, débi pé kò lè pààrọ̀ iṣẹ́ láìgbàṣẹ. Ní pápákọ̀ òfurufú Beirut gan-an ni ìwé ìrìnnà rẹ̀ ti sábà ń bọ́ sọ́wọ́ ọ̀gá, òfin iṣẹ́ Lẹ́bánónì ti ọdún 1946 kò sì ka iṣẹ́ ilé mọ́ iṣẹ́ tó ń dáàbò bò. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, wọ́n gbé obìnrin Nàìjíríà kan ní Lẹ́bánónì sórí Facebook fún títà ní 1,000 dọ́là, pẹ̀lú àwòrán ìwé ìrìnnà rẹ̀. Ariwo sọ, wọ́n mú ẹni tó gbé e síbẹ̀, ní oṣù Karùn-ún ọkọ̀ òfurufú sì kó àwọn obìnrin mìíràn wálé. Ìyẹn dára, àmọ́ àánú tó dúró de ariwo kò tíì di ojúṣe.

Kì í ṣe pé òfin ṣọ̀wọ́n. Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà ní kí ẹni tó bá ń kó òṣìṣẹ́ lọ sókè òkun gba ìwé àṣẹ. NAPTIP, àjọ tó ń gbógun ti fífi ènìyàn ṣòwò, ti wà láti 2003. A sì fọwọ́ sí ìlànà ìjọba lórí ìrìn-àjò iṣẹ́ ní 2014. Ohun tó kù ni kí ẹnìkan dá òṣìṣẹ́ dúró kó tó wọkọ̀, bí wọ́n ti ń ṣe ní Philippines, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba ti ń yẹ àdéhùn iṣẹ́ wò ṣáájú ìrìn-àjò.

Àwọn kan lè sọ pé arìnrìn-àjò Hájì ló ń sanwó ara rẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọmọ-ọ̀dọ̀ náà ń sanwó, èjẹ́ǹtì ni owó náà ń lọ bá, tí yóò sì máa yọ ọ́ lára owó oṣù rẹ̀ fún oṣù púpọ̀; bí díẹ̀ nínú owó tí èjẹ́ǹtì ń gbà bá wọ àpò ìpínlẹ̀, yóò tó san owó akọ̀wé kan ní Ìlọrin tí yóò ka àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ fún un ní Yorùbá, tí yóò sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ èjẹ́ǹtì náà.