Kí Ó Tó Yí Padà

Bíbélì kíkà: Róòmù 5:6–8

Gbẹ́nàgbẹ́nà ni John T. Williams, ìran keje nínú ìdílé tó ń gbẹ́gi láàárín àwọn Nuu-chah-nulth, àwọn ọmọ onílẹ̀ tó wà ní Erékùṣù Vancouver kí òyìnbó tó dé. Ní ìlú Seattle, ní Amẹ́ríkà, ló ti ń gbẹ́ òpó ère kéékèèké tí ó ń tà fún èrò ọ̀nà. Ó tún jẹ́ ọ̀mùtí, ìta ló sì ń sùn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní 2005, wọ́n ṣí ilé kan ní ìlú náà, yàrá 75, fún àwọn ọ̀mùtí aláìnílé. Wọn kò ní kí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ jáwọ́ nínú ọtí. Kọ́kọ́rọ́ yàrá ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún un. Williams gbé ibẹ̀.

Mo máa ń ronú nípa àwọn òṣìṣẹ́ tó ń wá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ sábẹ́ afárá. Lónìí ó dá wọn lóhùn, lọ́la ó lé wọn. Lọ́túnla wọ́n tún dé, wọ́n jókòó, wọ́n ń wo bí ọ̀bẹ ṣe ń gbẹ́ igi. Nídìí igi yẹn, aláìnílé lọ̀gá, ẹni tó wá ṣèrànwọ́ sì di ọmọ iṣẹ́.

Èmi kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú ìgbìmọ̀ àánú tí mo wà nígbà kan, ìwé ẹ̀jẹ́ la kọ́kọ́ ń gbé síwájú ọ̀mùtí kó tó gba ìrẹsì. Mo fọwọ́ sí i. Ó ń dùn mí títí dòní, nítorí Kristi kò gba ẹ̀jẹ́ kankan lẹ́nu mi kó tó kú fún mi.

Ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹjọ, 2010, Williams ń sọdá títì, pákó àti ọ̀bẹ ìgbẹ́gi lọ́wọ́ rẹ̀. Ọlọ́pàá kan ní kó ju ọ̀bẹ sílẹ̀. Etí rẹ̀ kan kò gbọ́ràn dáadáa. Kò pé ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan tí ọlọ́pàá náà fi yìnbọn pa á. Ẹni ọdún 50 ni. Ní 2012, òpó tí Rick, arákùnrin rẹ̀, ṣáájú àwọn tó gbẹ́ ẹ ní ìrántí rẹ̀, gígùn rẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 34, ni ọ̀pọ̀ èèyàn pawọ́ pọ̀ gbé láti etí omi gba àárín ìlú kọjá, tí wọ́n sì nà án ró.

Àdúrà: Olúwa, ọkùnrin kan wà lẹ́nu géètì ọjà tí mo máa ń ju owó sí. N kò mọ orúkọ rẹ̀, n kò mọ iṣẹ́ tó kọ́. Fún mi láyà kí n jókòó tì í lónìí. Àmín.