Ọmọ Tí Kò Rí Ẹṣin Rí

Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀, ni àwọn àgbà wí. Gbólóhùn yìí kò ṣòro fún ọmọ Ọ̀yọ́ tàbí ọmọ Ìlọrin, ẹni tí ó ti rí ẹṣin ní ojúde ọba ní ọjọ́ ọdún. Ṣùgbọ́n kí ni ọmọ Yorùbá tí a bí sí Libreville, olú-ìlú ilẹ̀ Gàbọ́ọ̀nù, yóò fi í ṣe? Igbó kìjikìji ni ilẹ̀ náà, eṣinṣin tí ń gbé àrùn oorun kiri sì ti mú kí ẹṣin ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá béèrè bóyá ọ̀rọ̀ a máa jẹ koríko, ẹ̀rín ni ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò fi dá a lóhùn. Olùkọ́ mìíràn a tilẹ̀ kà á sí òmùgọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn ọmọ náà. Ohun tí a wí ni ó gbọ́, ohun tí ó gbọ́ ni ó gbà.

Ó ti pẹ́ tí àwọn Yorùbá láti Nàìjíríà àti láti ilẹ̀ Benin ti ń ṣòwò ní Libreville. Èdè Faransé ni a fi ń kọ́ àwọn ọmọ wọn ní ilé-ìwé. Ìwé kíkà Faransé a wí pé nǹkan funfun bí òjò dídì. Bẹ́ẹ̀ Libreville fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà tí ó dá ayé sí méjì ọgbọọgba, òjò dídì kò sì mọ ọ̀nà ibẹ̀. Bí ọmọ bá délé, ìyá rẹ̀ a ní aṣọ funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú, òwú tí ọmọ kò rí lóko rí, àfi èyí tí a fi ń nu ojú egbò.

Ìbéèrè kan wà tí àgbà kì í sábà fẹ́ dáhùn: ṣé irọ́ kọ́ ni àfiwé? A ní kí ọmọ má purọ́, a sì tún ní kí ó wí pé kìnnìún ni Àjàyí. Àfiwé tààrà kò fa wàhálà púpọ̀, nítorí “bí” dúró láàárín gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí pé ohun méjì ni a ń wí. Nínú àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́, ẹlẹ́rìí yìí ti lọ. Síbẹ̀, kò sí irọ́ níbi tí a kò ti tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ẹni tí ó wí i mọ̀ pé Àjàyí kò ní ìrù. Ẹni tí ó gbọ́ ọ mọ̀ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ìta ìmọ̀ àjùmọ̀ní yìí ni ọmọ wà, iṣẹ́ olùkọ́ sì ni láti mú un wọlé. Kí a kọ “kìnnìún: ìgboyà” sára pátákó kí ọmọ sì há a sórí kò tíì mú un wọlé. Ọmọ tí ń wí ohun tí ojú inú rẹ̀ kò rí, kí ó bàa lè gba máàkì, súnmọ́ irọ́ ju ẹni tí ó pe Àjàyí ní kìnnìún lọ.

Kò yẹ kí a kánjú, nítorí náà. Ní 1960, Solomon Asch àti Harriet Nerlove tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí àwọn ọ̀rọ̀ bí “dídùn”, “líle” àti “tútù”, tí a ń lò fún nǹkan àti fún ènìyàn. Wọ́n rí i pé ti nǹkan ni ọmọ kékeré kọ́kọ́ ń mọ̀. Ó ń dàgbà díẹ̀ kí ó tó gbà pé ènìyàn lè le, ó sì ń pẹ́ sí i kí ó tó lè ṣàlàyé ohun tí ó so méjèèjì pọ̀. Yorùbá kún fún irú èyí: inú a máa dùn, ojú a máa le, ọwọ́ a máa mọ́. Ẹni tí ó bá a lẹ́nu ìyá rẹ̀ kò mọ̀ pé àfiwé ni. Ọmọ tí ń fi Faransé ronú ni ó ń fẹsẹ̀ kọ ọ́.

Níbi tí ọwọ́ ọmọ lè tó ni kí olùkọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Yorùbá a ní nǹkan pupa bí osùn. Irú igi osùn kan wà nínú igbó Gàbọ́ọ̀nù, tí àwọn onígẹdú ń pè ní padouk, àwọn ará ibẹ̀ a sì máa fi ìyẹ̀fun pupa rẹ̀ kun ara nígbà orò. André Raponda Walker (1871–1968), ọmọ Gàbọ́ọ̀nù àkọ́kọ́ tí ó di àlùfáà Kátólíìkì, kó àlọ́ àti òwe ilẹ̀ náà jọ. Òun àti Roger Sillans sì tẹ ìwé ńlá kan jáde ní 1961 lórí àwọn igi àti ewé tí ó wúlò níbẹ̀. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni afárá fún olùkọ́. Kí ó wá osùn díẹ̀, kí ọmọ fi kun apá, kí ó tó béèrè pé: kí ni a mú lára osùn, kí sì ni a fi sílẹ̀? Osùn kúnná, ó ní òórùn tirẹ̀, omi a máa ṣàn án dànù. Ẹni tí ó ní aṣọ kan pupa bí osùn kò ní èyíkéyìí nínú wọn lọ́kàn. Nínú ohun tí a fi sílẹ̀ gan-an ni òye àfiwé wà, ọ̀pọ̀ olùkọ́ kì í sì í béèrè rẹ̀.

Àwọn kan a máa fi Aristotle ará Gíríìsì ṣe àwáwí, ẹni tí ó wí nínú ìwé rẹ̀ lórí ewì pé ọgbọ́n àfiwé kò ṣeé gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún akéwì. Ti ọmọ ilé-ìwé yàtọ̀. Ní etíkun Libreville, òkun a máa gbé ìtì igi okoumé tí ó bọ́ lọ́wọ́ àwọn onígẹdú jù sórí iyanrìn. Bí ọmọ bá kọ ọ́ pé bàbá òun sùn bí ìtì igi tí òkun gbé jù sílẹ̀, kí olùkọ́ má ṣe fi gègé pupa fa ìlà sí i nítorí pé kò sí nínú ìwé. Kí ó jẹ́ kí ọmọ kọ ọ́ sínú lẹ́tà sí ìyá àgbà rẹ̀ ní Ṣakí. Ìyá àgbà ni yóò wá béèrè irú òkun tí ń gbé igi.