Dáníẹ́lì Kò Fi Ẹsẹ̀ Ara Rẹ̀ Wọ Ihò Kìnnìún

Ẹ̀kọ́ kíkà: Dáníẹ́lì 6:10-24, Mátíù 4:5-7, Lúùkù 13:1-5

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá fún yín lọ́tẹ̀ yìí jẹ mọ́ kìnnìún. Kì í ṣe kìnnìún inú àlọ́ ni mo ń sọ. Kìnnìún gidi ni, ẹlẹ́ran ara, tí ó ní èékánná àti eyín.

Ní ọjọ́ 19, oṣù February, ọdún 2024, ní ọgbà ẹranko Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, kìnnìún kan pa ọkùnrin tí ó ń tọ́jú rẹ̀. Ọkùnrin náà kì í ṣe àlejò níbẹ̀. Ó kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú ẹranko, ó sì ti ń bójú tó ọgbà náà fún ọdún tí ó lé ní mẹ́wàá. Inú ọgbà yunifásítì náà ni wọ́n ti bí kìnnìún náà ní nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án ṣáájú, ọwọ́ ọkùnrin yìí ni ó sì dàgbà sí. Níbi tí ó ti ń fún wọn ní oúnjẹ ni ọ̀kan nínú wọn ti kọ lù ú. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sa gbogbo ipá wọn, ṣùgbọ́n wọn kò rí i gbà sílẹ̀. Wọ́n pa kìnnìún náà lẹ́yìn èyí. Ní oṣù October ọdún kan náà, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta: kìnnìún tún pa ọ̀dọ́kùnrin tí ó ń tọ́jú rẹ̀.

Nígbà tí ìròyìn wọ̀nyí tàn kálẹ̀, ẹ̀yin náà gbọ́ ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ. Àwọn kan ní, “Ṣé kìnnìún náà kò mọ̀ ọ́n mọ́ ni?” Àwọn mìíràn ní, “Ṣé kò gbàdúrà kí ó tó jáde nílé ni?” Àwọn kan tilẹ̀ ní, “Ṣebí Ọlọ́run tí ó gba Dáníẹ́lì ṣì wà láyé?” Ìbéèrè mẹ́ta ni wọ̀nyí. Ẹ jẹ́ kí a mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí pé bí ìyá bá ṣì wọ́n dáhùn, ọmọ rẹ̀ lè fi ara gbá a.

ÈKÍNÍ: MÍMỌ̀ KÒ YÍ ÌWÀ PADÀ

Ajá tí ó wà nínú ilé wa, ó ti ju 10,000 ọdún lọ tí ìran rẹ̀ ti ń bá ènìyàn gbé. Láti ìran dé ìran ni ìwà rẹ̀ ti ń rọ̀. Kìnnìún kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá mú ọmọ kìnnìún láti ọjọ́ tí wọ́n bí i, tí a fún un ní wàrà nínú fídà bí ọmọ ìkókó, tí ó ń sùn lẹ́sẹ̀ wa, òun nìkan ni ó mọ̀ wá. Ìran rẹ̀ kò mọ̀ wá. Ohun tí Ẹlẹ́dàá fi sínú rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀: kí ó ba, kí ó fò mọ́ ohun tí ó bá yí ẹ̀yìn padà, kí ó lé ohun tí ó bá ń sá, kí ó di ọrùn mú. Kò ní láti bínú kí ó tó ṣe é. Kò ní láti kórìíra ẹni. Ọmọ ẹkùn, ẹkùn ni. Ìwà kì í sì í fi oníwà sílẹ̀.

Ẹ tún rò ó pé kìnnìún akọ tí ó ti dàgbà lè wọn kílò 190 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àpò sìmẹ́ńtì kan jẹ́ kílò 50. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àpò sìmẹ́ńtì mẹ́rin tí ó ní eyín. Bí ó tilẹ̀ ṣe pé eré ni ó fẹ́ bá ènìyàn ṣe, ta ni yóò dìde lábẹ́ rẹ̀?

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 3, oṣù October, ọdún 2003, ní ìlú Las Vegas ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Roy Horn, tí gbogbo ayé mọ̀ fún fífi ẹranko ṣeré lórí pèpéle, wà níwájú èrò pẹ̀lú ẹkùn funfun kan, irú èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní táígà. Láti kékeré ni ó ti tọ́ ẹkùn náà dàgbà. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, tí ó tún jẹ́ ọjọ́ ìbí rẹ̀, ẹkùn náà gbá a lọ́rùn mú, ó sì wọ́ ọ kúrò lórí pèpéle. Kò kú lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò padà bọ̀ sípò mọ́ títí tí ó fi kú ní ọdún 2020. Owó wà níbẹ̀, ìmọ̀ wà níbẹ̀, ìfẹ́ náà wà níbẹ̀. Kò sí èyí tí ó yí ẹkùn padà nínú wọn.

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá fi ojú àná wo òkú, ẹbọra yóò bọ́ ọ láṣọ. Ohun tí ń pa ènìyàn lọ́dọ̀ irú ẹranko wọ̀nyí ni ojú àná. Ọdún mẹ́jọ tí kò ṣe nǹkan kan kì í ṣe ẹ̀rí pé kò ní ṣe é ní ọdún kẹsàn-án.

ÈKEJÌ: WỌ́N SỌ DÁNÍẸ́LÌ SÍNÚ IHÒ NI

Ẹ padà ka Dáníẹ́lì orí 6 dáadáa. Dáníẹ́lì kò lọ kan ilẹ̀kùn ihò kìnnìún. Kò sọ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n wá wo agbára Ọlọ́run òun. Inú yàrá rẹ̀ ni ó wà, tí ó ń gbàdúrà lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Àwọn ọ̀tá ni wọ́n dá ọgbọ́n, ọba ni ó pàṣẹ, ọwọ́ ẹlòmíràn ni ó sì gbé e sọ sínú ihò. Ibi tí òdodo rẹ̀ mú un dé ni Ọlọ́run ti pàdé rẹ̀.

Nígbà tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bí a bá ti dé orí ìtàn yìí, kò sí ọdún kan tí ọmọ kan kì í béèrè pé, “Tíṣà, ṣé ebi kò pa àwọn kìnnìún náà ni?” Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Ẹsẹ 24 sì dá a lóhùn. Nígbà tí ọba kó àwọn tí ó fi Dáníẹ́lì sùn jù sínú ihò kan náà, wọn kò tíì kanlẹ̀ tí kìnnìún fi fọ́ egungun wọn. Kìnnìún kan náà ni o! Wọn kò di àgùntàn ní òru yẹn. Ọwọ́ Ọlọ́run ni ó pa ẹnu wọn dé fún ẹnì kan, ní òru kan, fún iṣẹ́ kan. Ẹni tí ó bá ka iṣẹ́ ìyanu náà tí ó sì rò pé kìnnìún kò léwu mọ́, kò ka ìtàn náà dé òpin.

Dáfídì náà dojú kọ kìnnìún, gẹ́gẹ́ bí ó ti sọ fún Sọ́ọ̀lù nínú 1 Sámúẹ́lì 17. Ṣùgbọ́n kìnnìún ni ó wá gbé àgùntàn baba rẹ̀, Dáfídì sì lọ gba ohun tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ ni ó gbé e débẹ̀.

Nísinsin yìí, ẹ wo Olúwa wa fúnra rẹ̀. Èṣù gbé e lọ sí ṣóńṣó tẹ́ńpìlì, ó ní kí ó bẹ́ sílẹ̀, ó tilẹ̀ mú ìlérí inú Sáàmù 91 wá fi tì í lẹ́yìn. Ẹ rántí pé Sáàmù náà gan-an ni ó sọ̀rọ̀ nípa kìnnìún tí a ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Jésù kò bẹ́. Ó kọ̀ láti dán Baba rẹ̀ wò. Bí Ọmọ Ọlọ́run kò bá fi ìlérí Baba rẹ̀ bẹ́ láti òkè, kí ni èmi àti ìwọ yóò fi na ọwọ́ sínú ilé onírin kìnnìún nítorí fọ́tò?

Arábìnrin mi, ìgbàgbọ́ yàtọ̀ sí àfojúdi. Ìgbàgbọ́ ń bá Ọlọ́run rìn lọ sí ibi tí Ọlọ́run rán an. Àfojúdi ń lọ sí ibi tí ó wù ú, ó wá ń pe Ọlọ́run kí ó máa tẹ̀ lé òun bọ̀.

Ẹ̀KẸTA: KÍ A MÁ ṢE DÁ ÒKÚ LẸ́JỌ́

Ibi tí ó dùn mí jù nìyí. Ọkùnrin tí ó kú ní Ilé-Ifẹ̀ kò lọ fi ara rẹ̀ ṣe àfihàn. Iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ni ó wà lẹ́nu rẹ̀. Ta ni ó sọ fún wa pé kò gbàdúrà? Nínú Lúùkù orí 13, Jésù mẹ́nu kan àwọn méjìdínlógún tí ilé ìṣọ́ wó pa ní Sílóámù. Ó béèrè bóyá àwọn ènìyàn rò pé ẹ̀ṣẹ̀ wọn ju ti àwọn yòókù lọ ni, ó sì dáhùn pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó dá ọ̀rọ̀ náà padà sọ́dọ̀ àwa tí a ṣì wà láàyè, pé kí a ronú pìwà dà.

Nítorí náà, bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò yín, kí Ẹgbẹ́ Obìnrin má ṣe jókòó ti ẹjọ́. Ẹ lọ wo opó náà. Ẹ béèrè owó ilé-ìwé àwọn ọmọ náà. Jákọ́bù ti sọ fún wa ní orí 1 ẹsẹ 27 irú ìsìn tí Baba ń fẹ́.

OHUN TÍ ÌYÁ LÈ ṢE

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ẹ jẹ́ kí a fi ìwọ̀nyí sọ́kàn:

1. Bí a bá kó àwọn ọmọ Sunday School lọ sí ọgbà ẹranko, kí àgbà máa di ọmọ kékeré lọ́wọ́ mú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ọmọ jókòó sórí irin tàbí kọjá rẹ̀. Kí wọ́n má ṣe ju òkúta, kí wọ́n má sì ki ọwọ́ bọ inú irin.

2. Kí a má ṣe sanwó fún ẹni tí ó ní kí ọmọ wa wá ya fọ́tò pẹ̀lú ọmọ kìnnìún tàbí ìkookò tí a fi ṣéènì sí lọ́rùn. Ṣéènì kì í dí ẹnu.

3. Bí a bá gbọ́ pé ẹnì kan ń sin ẹranko burúkú sínú ilé, kí a sọ fún ìjọba. Ní oṣù November ọdún 2019, wọ́n bá kìnnìún ọmọ ọdún méjì nínú ilé kan ní Victoria Island ní Èkó, nítòsí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Àwọn tí ó fẹjọ́ sùn ni wọ́n jẹ́ kí ìjọba lọ kó o kúrò.

4. Bí ẹranko bá já, kí a wọlé, kí a ti ilẹ̀kùn, kí a pe àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà. Kí a má ṣe dúró yà á sínú fóònù.

5. Ẹni tí ọkọ tàbí ọmọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ yìí, kí ó máa rán an létí ní òwúrọ̀: ilẹ̀kùn méjì, kì í ṣe ẹyọ kan, kí kìnnìún kọ́kọ́ wà nínú yàrá kejì kí ènìyàn tó wọ èkíní, kí ẹni méjì wo àgádágodo, kí ọ̀kan má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ojú ara rẹ̀ nìkan. Àwa tí wọ́n ń pè ní Ìjọ Elétò, ètò kì í ṣe àìnígbàgbọ́.

Èyí kò ní kí a kórìíra kìnnìún o. Ọlọ́run ni ó dá a. Ní orílẹ̀-èdè wa, àwọn tí ó ṣẹ́ kù nínú igbó kò tó 50 gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ ti ṣírò, ní Yankari àti ní ọgbà Kainji. Fífẹ́ wọn ni kí a jẹ́ kí wọ́n ní igbó tiwọn, kí àwa náà dúró sí ilé tiwa.

KÌNNÌÚN TÍ KÒ SÍ NÍNÚ ỌGBÀ ẸRANKO

Kí n tó pa ẹnu mọ́, Pétérù kìíní orí 5 ẹsẹ 8 fi Èṣù wé kìnnìún tí ń rìn kiri wá ẹni tí yóò pa jẹ. Ẹ wò ó, ó ní ó ń wá wa. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa ni kò jẹ́ kí ó wá wa, àwa ni a gbé ọmọ rẹ̀ wálé. Gbèsè kékeré tí a kò sọ fún ọkọ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn tí ó dùn lẹ́nu lẹ́yìn ìpàdé. Ìkùnsínú sí ìyàwó ọmọ ẹni. Nígbà tí ó wà ní kékeré, a ń fi ọwọ́ pa á lórí, a ní, “Mo mọ ibi tí n ó ti dúró.” Ó ń jẹun, ó sì ń dàgbà. Kò sí ẹni tí í fún kìnnìún ní oúnjẹ títí tí kìnnìún fi di ológbò.

Ọjọ́ kan ń bọ̀, gẹ́gẹ́ bí Aísáyà orí 11 ti rí i, tí kìnnìún àti ọmọ màlúù yóò jọ máa gbé, tí ọmọ kékeré yóò sì máa dà wọ́n. À ń retí ọjọ́ náà, a sì gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ rẹ̀ kò tíì mọ́. Kí ó tó mọ́, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ di ọmọ yín mú, kí ẹ sì máa ṣọ́nà.

Àdúrà: Baba wa ọ̀run, ìwọ tí o pa ẹnu kìnnìún dé fún ìránṣẹ́ rẹ, fún wa ní ìgbàgbọ́ tí kò ní dán ọ wò. Tu àwọn opó àti àwọn ọmọ tí ẹranko búburú sọ di aláìní-baba nínú. Ṣọ́ gbogbo àwọn tí iṣẹ́ òòjọ́ wọn léwu. Má ṣe jẹ́ kí a sin ohun tí yóò pa wá sínú ilé tàbí sínú ọkàn wa. Nípa Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.